Ẹ Bá Mi Ya Màmá Sọ́tọ̀

Ọ̀kẹ́ kan ni Nọ́ọ̀sì jẹ Dúró-Bẹ́ẹ̀, ó sì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú gbogbo wa, ó ní òun ò ní san nǹkan kan.

Ọ̀kẹ́ méjì ni wọ́n jọ ná iṣẹ́ fídíò tó gbé fún un sí. Ọ̀kẹ́ kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kẹ́ kan nígbà tí téèpù bá dọ́wọ́ oníbàárà. Téèpù ti dọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti wò ó. Ohun tí kò rí níbẹ̀ ló gbé e dìde nílé.

Férémù àwòrán ni èmi ń ṣe, ṣọ́ọ̀bù mi fara kan ti Dúró-Bẹ́ẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan ló là wá láàárín. Bó bá sín níbẹ̀, èmi ni mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, etí mi sì gbọ́ ọ.

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ ládùúgbò. Dúró-Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ yà nìyẹn: "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ má mí!" Bí àwọn ọmọdé bá ń ti ilé ìwé bọ̀, wọ́n á yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kígbe, "Dúró bẹ́ẹ̀!" Òun náà á dúró gbagidi, á na ọwọ́ kan sókè bí ẹni fẹ́ já èso, kò ní mira títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún! Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí wọ́n jọ pín ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì, á pòṣé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, owó ilé ń bọ̀ lọ́nà, ẹ̀yin ń di ère."

"Ère kì í san owó ilé," ni yóò dá a lóhùn. "Ìdí tí mo fi ń dì í nìyẹn."

Fọ́tò ló kọ́, kì í ṣe fídíò. Ìgbà tó ń kọ́ ọ, fíìmù wọ́n, ọ̀gá rẹ̀ a sì máa ka iye ìgbà tó bá tẹ kámẹ́rà. Ẹni kan, ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá bàjẹ́, owó oúnjẹ rẹ̀ ló bá a lọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ sùúrù. Á gbé kámẹ́rà sójú, á dijú kejì, á máa wo oníbàárà, á máa wò ó, títí ẹni náà á fi gbàgbé pé wọ́n ń ya òun. Ìgbà náà ló máa tẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ojú èèyàn dà bí ilẹ̀kùn, ó ní ìgbà tó ń ṣí, ẹni tó bá ń fi tipátipá kàn án ò ní rí inú ilé. Mo ní ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n èló ló ń gbà fún un?

Nígbà tó yá, fóònù dé, oníkálukú ń ya ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síwájú aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, èyí tí wọ́n ya àtẹ̀gùn àti òdòdó sí. Ìyàwó rẹ̀ wá fi èrè aṣọ ilé ìwé kan tó rán ra kámẹ́rà fídíò àlòkù fún un. Ó ní àwọn èèyàn lè ya fọ́tò ara wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gbé fóònù sókè láti àárọ̀ dalẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹun.

Kámẹ́rà náà ò ju bíríkì kékeré lọ, ó ní okùn tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́tìnnì méjì ló ṣe pàtàkì lára rẹ̀. Pupa tó wà níbi àtàǹpàkò ni ti fídíò: bí o bá tẹ̀ ẹ́, àwòrán á máa rìn. Kékeré tó wà lókè ni ti fọ́tò: bí o bá tẹ̀ ẹ́, àwòrán á dúró. Bí káàdì bá wà nínú kámẹ́rà, orí káàdì ni fọ́tò náà ń lọ. Bí kò bá sí káàdì, orí téèpù náà ló máa jókòó sí. Ojú ẹni tí o yà á dúró bí ìṣẹ́jú àáyá méje, lẹ́yìn náà téèpù á dúró títí o ó fi tún tẹ pupa. Mo béèrè iye tí káàdì jẹ́. Nígbà tó dárúkọ rẹ̀, mo ní kó gbàgbé káàdì.

Bọ́tìnnì kékeré yẹn ló bá Dúró-Bẹ́ẹ̀ lára mu. Ìka fọ́tò ni ìka rẹ̀. Bó bá ti rí ojú tó ṣí, ìka ti tẹ̀ ẹ́ kí ọpọlọ tó mọ̀. Ó wúlò fún un lóòótọ́. Á yan ojú tó dáa jù nínú iṣẹ́ kan, á tẹ̀ ẹ́ jáde, á fi ṣe ẹ̀yìn páálí téèpù. Á tún tẹ àwọn mìíràn fún àwọn àlejò, owó kékeré ń wọlé, férémù kan méjì sì ń kàn mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kó o sí ìjàngbọ̀n rí. Ilé ìwé kan gbé iṣẹ́ eré sísá fún un. Àwọn ọmọ sáré dé bèbè ibi tí eré ti máa parí, ọ̀kan nínú wọn fò sókè, ojú rẹ̀ là bí oòrùn àárọ̀, ìka bàbá yín tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n wo téèpù, ọmọ náà so rọ̀ lófuurufú, àwọn èrò ń pariwo, "Sáré! Sáré!" ó ṣì so rọ̀. Ìgbà tí àwòrán máa fi tún rìn, eré ti parí, wọ́n ti ń mu omi.

Ọ̀gá ilé ìwé ní, "Bàbá, ta ló gbégbá orókè?"

Ó ní, "Ẹ ò rí bí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ṣe dáa tó lókè?"

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ṣọ́ra. Bó bá fẹ́ kó iṣẹ́ kan jọ fún oníbàárà, á yọ gbogbo ibi tí àwòrán bá ti dúró kúrò, kí èyí tó ń rìn nìkan kù. Ọ̀rọ̀ èébú ti tó o.

Ẹ wá gbọ́ ti Nọ́ọ̀sì. Òpópónà kejì sí wa ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ti pẹ́ gan-an tó ti wálé kẹ́yìn. Nígbà tó ń lọ, Màmá ò fẹ́. Ó ní omi kì í ṣe ilẹ̀, ọmọ òun ò ní lọ máa dáná lórí ohun tí kò ní ìsàlẹ̀. Wọ́n ṣe gbólóhùn asọ̀, ọmọ sì lọ láìdágbére. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá tẹ̀ wọ́n láago, "Ẹ ǹlẹ́ mà," "O ò, ṣé dáadáa lo wà," ó tán. Nígbà tí Màmá pé àádọ́rin ọdún, Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n ya fídíò ọjọ́ ìbí náà, kí òun fi ránṣẹ́ sí àbúrò òun, kó rí ìyá rẹ̀, kó gbóhùn rẹ̀ kọjá "o ò." Iṣẹ́ tó torí ẹ̀ pe Dúró-Bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kò sì sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ẹni tí wọ́n bá pè síbi ọjọ́ ìbí ti mọ ẹni tó máa yà.

Ọjọ́ náà, Dúró-Bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ pàdé Màmá fúnra rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

"Oníkámẹ́rà, ṣé ìwọ nìyẹn? Má fi nǹkan yẹn tẹ̀lé mi kiri o. Ẹsẹ̀ mi ń wọ́, mi ò fẹ́ kí ọmọ mi rí i."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Kò pẹ́, Nọ́ọ̀sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó gbé àga mẹ́rin léra, orí ló fi ń wá ọ̀nà. Láàárín àga ló ti kígbe sí i pé, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya Màmá sọ́tọ̀ o!"

Ó sì ti kọjá.

Ẹ gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ya nǹkan sọ́tọ̀, ó yọ ọ́ kúrò lára èyí tó kù. Ìyá ní kó má tẹ̀lé òun. Ọmọ ní kó ya ìyá sọ́tọ̀. Dúró-Bẹ́ẹ̀ so méjèèjì pọ̀, ó rí i pé wọ́n ṣe déédéé: Màmá ò ní sí nínú fídíò, fọ́tò ni wọ́n fẹ́ kó ya fún wọn, kí ẹsẹ̀ tó ń wọ́ má baà hàn. Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Bí kámẹ́rà bá ti fẹ́ kan Màmá, á yà á kúrò. Bí ojú Màmá bá sì ṣí, á yí padà, á tẹ bọ́tìnnì kékeré, á tún yí lọ. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó yọ gbogbo ibi tó dúró kúrò nínú fídíò, ó tẹ fọ́tò Màmá mẹ́rin tó dáa jáde, èmi ni mo fi férémù sí wọn. Igi tó dáa ni mo lò. Mo rò pé owó ti dé.

Kí iṣẹ́ tó parí, àìsàn gbé Màmá ṣubú. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwa ò gbọ́. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu títọ́jú rẹ̀, ẹlòmíì ló rán wá gba téèpù àti férémù, ó ní òun máa mú owó tó kù wá bí òun bá ti ráyè wò ó.

Ó ráyè wò ó. Òun ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí.

"Bùọ̀dá, ìyá mi dà?"

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀. Wọ́n wà nínú férémù. Àbí wọn ò gbé e fún yín?"

"Mi ò béèrè férémù! Nínú fídíò ńkọ́? Mo rí àga. Mo rí ẹsẹ̀ tábìlì. Mo rí ọkọ àbúrò mi obìnrin, ó ń jẹun nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ń jẹun nígbà tó parí. Mo rí ajá aládùúgbò! Ìyá tó bí mi, tó ni ọjọ́ ìbí, mi ò rí i!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n yà wọ́n sọ́tọ̀."

"Mo ní kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀!"

"Mo sì yà wọ́n sọ́tọ̀."

"Pé kí ẹ ya àwọn nìkan! Kí ẹ gbé àga fún wọn, kí ẹ dojú kámẹ́rà kọ wọ́n, kí wọ́n bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ láìsí ariwo ẹnì kankan!"

Dúró-Bẹ́ẹ̀ gbé ọwọ́ lé orí. "Háà," ló wá sọ. "Èmi gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ń ya aṣọ funfun sọ́tọ̀ nínú aṣọ tó fẹ́ fọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ tó ń rán bo ẹnu. Ẹnì kan lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti dé ètè èmi náà kí n tó rí i pé omi ti lé ròrò lójú Nọ́ọ̀sì.

"Ẹ rẹ́rìn-ín," ó ní. "Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Màmá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ti ṣubú. Wọ́n ní ohùn yẹn lè má padà wá láé. Àbúrò mi ń tẹ̀ mí láago lójoojúmọ́ pé fídíò dà, òun fẹ́ gbóhùn ìyá òun. Kí ni kí n fi ránṣẹ́ sí i? Ajá?"

Aránṣọ sọ aṣọ tó fi bo ẹnu kalẹ̀.

"Ọ̀kẹ́ kan yín," ó ní, "ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ẹ yà."

Ó lọ. Dúró-Bẹ́ẹ̀ jókòó lórí àpótí tí oníbàárà ń jókòó lé níwájú aṣọ ẹ̀yìn, àtẹ̀gùn àti òdòdó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì mọ̀. Nígbà tó ṣe, ó pè mí gba ara pákó.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ń gbọ́."

"Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí wọ́n ní ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo fi tọmọ jẹ́ ẹ o. Mo ronú sí i gan-an ni. Ká ní òmùgọ̀ tí kì í ronú ni mí, tí mo kàn ń ya gbogbo ohun tó wà níwájú mi, ohùn obìnrin yẹn ì bá wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lónìí."

Mo sọ fún un pé kó lọ bẹ̀ wọ́n. Ó lọ. Wọ́n ní Nọ́ọ̀sì wà níbi iṣẹ́. Ó tún lọ, wọ́n ní ó ń sùn.

Owó ilé ò sùn ní tirẹ̀. Iṣẹ́ kan wà fún un lópin ọ̀sẹ̀, ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan tó ń ṣí ilé tuntun, kò sì sí téèpù tuntun nílẹ̀. Ọ̀nà tí Dúró-Bẹ́ẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé bó bá ti kó iṣẹ́ jọ fún oníbàárà tí owó sì pé, á nu téèpù tó fi ya iṣẹ́ náà, á fi ya òmíràn. Ṣùgbọ́n bí owó ò bá pé, kò ní fọwọ́ kàn án. Ìṣó kan wà lára ògiri tó ń so ó kọ́, títí gbèsè á fi tán. Ibẹ̀ ni téèpù Màmá wà.

"Ẹ nu ún," ìyàwó rẹ̀ wí. "Obìnrin yẹn ò ní san. Ẹ sì mọ iye tí téèpù tuntun jẹ́. Àbí kí ni ẹ fẹ́ fi ajá yẹn ṣe?"

Lójú tèmi, òótọ́ ló sọ. Téèpù tó so kọ́ ìṣó ò bímọ.

Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní kí òun kọ́kọ́ tẹ fọ́tò Màmá kan sí i, èyí tí òun ò tíì tẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí òun fún Nọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi bẹ̀ ẹ́. Ó ki téèpù bọ inú kámẹ́rà, ó so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣàn. Bó bá ń yan fọ́tò, kì í ṣí ohùn rárá. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ wà, ta ló sì máa ń fetí sí fọ́tò? Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ni aránṣọ fi ń ká ìṣẹ́tí aṣọ kan, ilé pa lọ́lọ́, ohùn tẹlifíṣàn sì wà ní ṣíṣí bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀ lánàá.

Mo gbọ́ igbe aránṣọ láti ìhà kejì pákó.

"Bàbá àwọn ọmọ! Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Fọ́tò ni."

"Fọ́tò wo ló ń sọ pé kí wọ́n fún òun lómi? Ẹ dá a padà!"

Mo ju òòlù sílẹ̀, mo wọlé tọ̀ wọ́n. Dúró-Bẹ́ẹ̀ dá a padà. Ojú Màmá yọ, ó dúró, ètè là díẹ̀, kò mira. Ohùn rẹ̀ sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀ bí omi lábẹ́ afárá. Àwòrán ló ń dúró nínú kámẹ́rà yẹn, ohùn kì í dúró. Dúró-Bẹ́ẹ̀ mọ̀, ó mọ̀ láti ọjọ́ eré sísá yẹn. Ó kàn jẹ́ pé oníṣẹ́ fọ́tò ni. Bí àwòrán bá ti dúró, lójú tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dúró nìyẹn.

Ó wá gbogbo wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, Màmá ń fi ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ fún un lẹ́ran sí i, ẹnu rẹ̀ ò tíì sinmi látàárọ̀, ẹ má jẹ́ kó wá sinmi lé mi lórí..." Ó gé. Òmíràn, sí Nọ́ọ̀sì: "Jókòó, ìwọ ọmọ yìí. Ò ń yí kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ṣé ìwọ lo pé àádọ́rin ọdún ni, àbí..." Ó gé. Òmíràn, ẹ̀rín lásán ni, ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ nínú ikùn, tí kò tíì dókè tí ó fi gé. Òmíràn: "Oníkámẹ́rà, mo rí ọ o. O rò pé mi ò rí ọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jí ojú èèyàn kó..."

Èyí tó kẹ́yìn, ojú Màmá kò kọ sí ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ibi fèrèsé.

"Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí i, ẹ sọ fún un pé mi ò bínú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbé orí omi, ṣé yóò máa bá omi jà ni? Kó ṣáà wálé. Ọjọ́ tó bá sì wálé, ohun tí mo fẹ́ ni pé kó..."

Ó gé. Ọkọ àbúrò Nọ́ọ̀sì obìnrin yọ lójú tẹlifíṣàn, ó ń jẹun.

Aránṣọ ti fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ̀. Dúró-Bẹ́ẹ̀ ń wo ìka ara rẹ̀.

Kò nu téèpù. Ó lọ ra tuntun láwìn. Ó to gbogbo rẹ̀ jọ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, ojú kan, ohùn kan, ojú kan, ohùn kan. Ìyàwó rẹ̀ ní kó fi òdòdó àti orin sáàárín ibi tó gé, kó má baà máa já lójijì. Ó ní rárá. Ó ní bó ṣe gé ni kó gé. Nígbà tó parí, gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Ọ̀kẹ́ méjì fún ohun tí kò tó ìṣẹ́jú kan: mo ṣírò rẹ̀, mo sì gbé ìṣírò náà mì.

Èmi àti òun la jọ lọ, nítorí mo dàgbà jù ú lọ, ó ṣòro kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn. Kò kí wa tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n ó yà kúrò lọ́nà. Màmá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, tówẹ̀lì lórí èjìká, ọwọ́ ọ̀tún lórí ìrọ̀rí bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó rí Dúró-Bẹ́ẹ̀, ó gbé ìka òsì sókè, ó jù ú sí i bí ẹni pé, ìwọ olè yìí.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì," Dúró-Bẹ́ẹ̀ wí, "mi ò wá gba owó. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín. Kò pọ̀."

Wọ́n tan tẹlifíṣàn. Nígbà tí ohùn Màmá kọ́kọ́ jáde, Nọ́ọ̀sì di etí àga mú. Nígbà tó dé ibi "bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù," ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ìsinsìnyí ni wọ́n pàṣẹ fún un. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rín, a wo ẹ̀yìn: Màmá náà ń rẹ́rìn-ín, ìdajì ojú ló fi ń rín in, kò ní ìró, ti inú tẹlifíṣàn ni ìró rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó kẹ́yìn. "...ohun tí mo fẹ́ ni pé kó..."

"Kó kí ni?" Nọ́ọ̀sì yíjú sí Dúró-Bẹ́ẹ̀. "Bùọ̀dá, kó kí ni?"

"Ibẹ̀ ló gé sí, Àǹtí. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá méje lọ."

"Ẹ̀yin ẹ wà níbẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ìyókù?"

"Ojú wọn ni mò ń wò."

Nọ́ọ̀sì rá lọ sẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. "Màmá, kó kí ni? Kó fẹ́yàwó?"

Màmá mi orí.

"Kó tọrọ àforíjì? Kó má padà sórí omi mọ́?"

Màmá mi orí, ó fẹ́ẹ̀ bínú. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó dì í bí ẹni tó di igi kékeré mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po, yí i po, lókè itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan náà kan ètè ara rẹ̀ tó wọ́.

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. "Kó dáná fún yín?"

Màmá mi orí sókè sílẹ̀.

"Kó wá dáná fún yín! Látìgbà yìí! Ẹ ní kó má lọ dáná lórí omi, àṣé inú ń bí yín pé ẹ̀yin ò tíì tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò!" Ẹkún ló ń sun, ẹ̀rín ló ń rín, méjèèjì ń bá ara wọn jà lẹ́nu rẹ̀. Màmá na ọwọ́ tó dáa, ó gbá a lórí pẹ́ẹ́.

Àwa méjèèjì dìde. Ibẹ̀ ti kúrò níbi tí àlejò ń jókòó sí.

Nọ́ọ̀sì fi fídíò náà ránṣẹ́. Ó tẹ àbúrò rẹ̀ láago, ó sọ ìparí gbólóhùn náà fún un lẹ́nu, torí kò sí lórí téèpù. Ó ní ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ béèrè pé kí ló dé tí Màmá ò mira, ó wá ní kí ni Màmá fẹ́ràn láti jẹ báyìí, ṣé ó ṣì ń jẹ ohun tó ní ata.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, ó ka owó náà sórí tábìlì ìlọṣọ. Ó pé. Dúró-Bẹ́ẹ̀ pín in sí méjì, ó ti ìdajì padà.

"Iṣẹ́ tí ẹ rán mi kọ́ ni mo jẹ́ fún yín."

"Bùọ̀dá, ẹ gbà á."

"Àǹtí, ìdajì tó mi."

"Ẹ má jẹ́ kí n tún bínú o."

Mo wúkọ́ láti ìhà tèmi. Owó ilé ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, téèpù tuntun wà lọ́rùn, ọkùnrin yìí ń dá owó padà. Kí n tó lè sọ̀rọ̀, aránṣọ ti gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó kó ìdajì méjèèjì jọ.

"Ẹ gbé e wá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Òun ló ya Màmá. Èmi ni mo ra kámẹ́rà." Ó kà á, ó tún un kà, ó dì í sétí aṣọ. "Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á mú Màmá dìde."

"Àmín." Nọ́ọ̀sì ò lọ. "Téèpù àkọ́kọ́ yẹn, Bùọ̀dá. Èyí tí ohùn wọn wà nínú rẹ̀ gan-an. Mo gbọ́ pé ẹ máa ń nu ún bí owó bá ti pé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Owó ti pé."

Dúró-Bẹ́ẹ̀ dìde, ó yọ ọ́ lórí ìṣó, ó fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ la ẹnu láti dárúkọ iye tí téèpù jẹ́. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ojú Nọ́ọ̀sì, ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì fi òwú sí i.

Ọ̀kẹ́ kan wọlé, téèpù kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, aránṣọ ti san owó ilé, ó ti san téèpù àwìn àti owó férémù mi, ohun tó kù lọ́wọ́ wọn ò ju owó búrẹ́dì lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò jẹ ẹnì kankan ní gbèsè mọ́.